Àtẹ̀gùn Ẹ̀yìn Ìwé

Ààlọ́ mi rèé o, ẹ gbà á!

Ààlọ̀! A ti gbà á, a ò ní jẹ́ kó bọ́!

Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, kò yí lu ìjàpá, kò yí lu ọba tó ní ìyàwó mẹ́ta. Ó yí wọ ilé iṣẹ́ àwọn adìwé, ó gun orí tábìlì gígùn kan, ó wá dúró níwájú ọmọbìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àbíkẹ́yìn, torí pé òun ni ìyá rẹ̀ bí kẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ kó lọ tọ̀ báyìí. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n ò ní dúró de ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń dìwé fún yín, kí ẹ má baà sọnù sọ́nà. Ìwé kì í jábọ́ lódindi láti ojú ọ̀run. Bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń ti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé wá. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á tún un ṣẹ́ po, bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń ká aṣọ tó gbẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìṣẹ́po. Ìṣẹ́po mẹ́rìndínlógún ló ń di ìwé kan. Wọ́n á to òkìtì mẹ́rìndínlógún yí tábìlì ká, àwọn òṣìṣẹ́ á tò tẹ̀léra wọn, wọ́n á máa yí tábìlì po bí ìgbà tí ẹ̀yin ń ṣeré lábẹ́ òṣùpá, wọ́n á máa mú ẹyọ kan lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan. Bí o bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, odindi ìwé kan ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Wàá gbé e kalẹ̀ fún àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ rán an, wàá tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ta ló ráyè kàwé níbi tí wọ́n ti ń dìwé? Bí ẹnì kan bá sì dúró lójijì, ẹni tó wà lẹ́yìn á kọlù ú, tẹ̀yìn á kọlu ìyẹn, gbogbo ìlà á dàrú bí àgùntàn tó rí ejò.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Àbíkẹ́yìn nígbà tó wọṣẹ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí ọwọ́ ẹni tó ń kó aṣọ kúrò lórí okùn tí òjò sì ti ń kán. Ó lẹ́nu, ó lẹ́rìn-ín, ó mọ orin tí gbogbo wọn fi ń yí tábìlì.

Ìgbà tó pé ọmọ ogún ọdún ni nǹkan kan wá dúró sí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀. Bó bá ń yí tábìlì lọ, á gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Bó bá yíjú, kò séèyàn. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nídìí fèrèsé, á dà bíi pé òun ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá ní kó mú òwú, abẹ́rẹ́ àti àlòkù aṣọ wá, á mú òwú, á wá dúró sójú kan bí ọkọ ìyàwó tó gbàgbé ọ̀nà ilé àna. Orí rẹ̀ pé o, ẹ má rò ó síbòmíràn. Asẹ́ kan wà nínú orí kálukú wa tó ń di ohun tí a gbọ́ mú. Ojú asẹ́ tirẹ̀ ló fẹ̀ sí i, ohun tó yẹ kó dúró ń bọ́ sílẹ̀.

Ìtìjú wá mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún èèyàn. Orí bẹ́ǹṣì gígùn kan ni gbogbo wọn ti ń jẹun ọ̀sán, àmọ́ Àbíkẹ́yìn gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ sẹ́yìn ìdì bébà. Ẹni tó bá kí i, inú ikùn ló ti ń dáhùn. Nílé, ìyá rẹ̀ ní ìgbéraga ni. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní ọkùnrin kan ló já a jù sílẹ̀. Ọkùnrin wo! Ọkùnrin tí kò sí níbì kankan.

Ọkùnrin kan sì wà nílé iṣẹ́ náà tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé, tó sì ń ti irin ńlá tó ń gé etí ìwé kó dọ́gba. Ẹnu-bí-Abẹ ni wọ́n ń pè é, torí pé ẹnu rẹ̀ mú ju irin tó ń tì lọ. Òun ló ní kí wọ́n so agogo mọ́ Àbíkẹ́yìn lọ́rùn, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè mọ ìgbà tó bá fẹ́ dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá a délé, ó bá a dórí ibùsùn.

Láàárín oṣù kan, ìwé mẹ́ta tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ló padà wá láìpé ìṣẹ́po. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà, Bàbá Adìwé, pè é sí kọ̀rọ̀. Èèyàn dáadáa ni bàbá náà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló ń tà, kì í ṣe bébà.

“Ọmọ mi,” ó ní, “mo fún ẹ ní oṣù mẹ́ta. Bí ìwé kan ṣoṣo bá tún ti ọwọ́ rẹ jáde tí kò pé, wàá máa lọ sílé.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ká sí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ. Nínú gbogbo ohun tó ń mú Àbíkẹ́yìn kúrò nínú yàrá rẹ̀, tábìlì yẹn nìkan ló kù. Bí wọ́n bá lé e nídìí rẹ̀, yàrá ni yóò wọ̀, yóò ti ìlẹ̀kùn, ohun tó dúró sẹ́nu-ọ̀nà á sì ráyè wọlé tọ̀ ọ́.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń dirun fún èèyàn. Ọjọ́ ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n yìí ń dirun fún un. Orí tó bá sì wà láàárín orókùn onídìrí kò ríbi sá lọ. Ẹ̀gbọ́n bi í pé kí ló ń ṣe é, ó ní kò sí nǹkan. Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó ní irun ló ń dun òun. Ìgbà tó máa fi dé ìdajì orí, Àbíkẹ́yìn ti ń sunkún, ó sì ti sọ ọ́ tán pátá: ẹni tó ń pe òun tí kò sí, àwọn tó ń sọ òun, ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ lórí òun bí omi.

Ìdajì irun tó kù, wọn ò dì í mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn máa lọ sílé ìwòsàn lọ́la. Ìyá wọn ní kí wọ́n rọra, pé kí ni àwọn ará ilé kejì máa sọ.

“Ìyá, bí eyín bá ń ro ó, ṣé ẹ máa fi pamọ́ fún ará ilé kejì ni?” Ẹ̀gbọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá wá aṣọ tó mọ́ fún Àbíkẹ́yìn.

Òkè ni yàrá tí wọ́n ti dá wọn lóhùn wà nílé ìwòsàn yẹn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló jókòó síbẹ̀, tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ó ka ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí Àbíkẹ́yìn létí, ó ní kó kà á padà. Mẹ́rin ló rántí. Ó pe nọ́ńbà, ó ní kó pè é padà láti ẹ̀yìn. Ní ìkẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ó ní kó dárúkọ ẹranko títí ìṣẹ́jú kan fi máa pé. Àbíkẹ́yìn ní ewúrẹ́, àgùntàn, ajá, ológbò. Ó wo òkè àjà, ó tún ní ewúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nídìí ògiri ń jẹ èékánná, ẹranko ti kún ẹnu òun.

Nọ́ọ̀sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò fajú ro. Ó wá bi í pé èèyàn mélòó ló bá jẹun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wá wò ó, gbogbo ìdánwò tó ti ń bọ̀, kò sí èyí tó dùn ún tó ìyẹn. Kò séèyàn kankan tó bá jẹun.

“Gbọ́, ọmọ mi,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Àìsàn kan wà tó máa ń da èrò èèyàn rú. Kò tíì wọlé tọ̀ ẹ́. Ẹnu-ọ̀nà ló dúró sí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dúró sẹ́nu-ọ̀nà wọn ni kò wọlé tọ̀ rárá. Iṣẹ́ tèmi tìẹ ni ká mú kí ilé kún fún èèyàn, torí ilé tó kún ṣòroó wọ̀.”

Ó ní ohun tí orí kò bá lè dì mú, kó gbé e fún ojú tàbí ọwọ́ kó bá a dì í mú. Ó ní bó bá rí nǹkan tàbí gbọ́ nǹkan tí kò dá a lójú, kó má dá a rò. Kó bi ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù lọ pé kí ni ìyẹn rí. Ó ní kó kúrò lẹ́yìn ìdì bébà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kó máa padà wá.

Àbíkẹ́yìn padà sórí bẹ́ǹṣì. Etí bẹ́ǹṣì pátápátá ló jókòó sí, bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹun síbẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹrin, Ẹnu-bí-Abẹ, ẹni tó sanra jù nínú wọn, tó máa ń jókòó sí ìkángun kejì, dìde lójijì láti lọ mu omi. Bẹ́ǹṣì gbéra nílẹ̀! Àbíkẹ́yìn bá ara rẹ̀ nílẹ̀, abọ́ oúnjẹ dé e lórí bí fìlà. Ó gbé abọ́ kúrò lórí, ó wo ara rẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn yòókù bá a rín in. Ẹ̀rín ìsinsìnyí kò bá a délé láti bá a jà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní àárín ni kó máa jókòó, kí bẹ́ǹṣì má baà tún pa èèyàn.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́po ńkọ́? Bẹ́ǹṣì kò lè bá a ka ìṣẹ́po.

Ní ọjọ́ tó ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn lọ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn náà tún pè é lẹ́yìn. Kò yíjú. Ilẹ̀ ló ń wò. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kun etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, àwọn ìlà funfun yìí ń tẹ̀léra wọn lọ sókè. Ó wá rò ó pé bí wọ́n bá yọ ọ̀kan nínú wọn, òun ò ní kà á kí òun tó mọ̀. Ojú á rí i, ẹsẹ̀ á mọ̀. Ó dúró síbẹ̀ títí obìnrin kan fi ní kó jọ̀ọ́, kó yà fún òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó tètè dé ibi iṣẹ́. Ó gba àyè lọ́dọ̀ Bàbá Adìwé. Ó gbé òkìtì ìṣẹ́po àkọ́kọ́, ó gbá a jọ kó dọ́gba, ó fi bírò dúdú fa ìlà kan sí ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, lẹ́ẹ̀kan náà, lókè pátápátá. Òkìtì kejì, ó fa tirẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀kẹta, sísàlẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹrìndínlógún nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ìwé pé lọ́wọ́ rẹ̀, tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, àtẹ̀gùn dúdú kan ló sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mẹ́rìndínlógún géérégé. Bí ọ̀kan bá sọnù, ihò á wà níbẹ̀. Bí o bá mú ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, àtẹ̀gùn á di pẹrẹsẹ. Kò sí ohun tí orí ń kà. Ojú ló ń gùn ún.

Ẹnu-bí-Abẹ ti rí i. “Bàbá, ẹ wá wo nǹkan! Ó ń kọlà fún ìwé. Ìlú wo nìwé ti wá tó fi ní ilà ojú?”

Bàbá Adìwé ní èèpo ẹ̀yìn ìwé ṣáà máa bò ó, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Orúkọ wá lẹ̀ mọ́ Àbíkẹ́yìn: Olóòlà. Olóòlà, ẹ káàárọ̀. Olóòlà, ṣé ìwé ò sunkún? Àbíkẹ́yìn ń dá wọn lóhùn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì kọjá, kò sí ìwé kankan tó padà wá láti ọwọ́ rẹ̀.

Oṣù kẹta ku ọjọ́ kan. Iṣẹ́ ńlá wà nílẹ̀ nígbà náà: ẹgbẹ̀ta ìwé orin fún ilé ẹ̀kọ́ kan, ọkọ̀ ẹrù máa wá kó o ní aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì. Láti ọgbọ̀n ọdún, òfin kan wà nílé iṣẹ́ yẹn. Bàbá Adìwé fúnra rẹ̀ ló ń to òkìtì sórí tábìlì. Bó bá ti tò ó tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Tábìlì tí Bàbá tò ti di ọ̀rọ̀ Bàbá. Ní ọjọ́bọ̀, Àbíkẹ́yìn fa ìlà rẹ̀ sẹ́yìn gbogbo òkìtì, Bàbá sì tò wọ́n nírọ̀lẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń yí tábìlì, wọ́n ń kọrin. Ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n nígbà tí Àbíkẹ́yìn ráyè yí ẹ̀yìn ìwé wò. Àtẹ̀gùn ń sọ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí dé ìkẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fò sísàlẹ̀, ó tún padà sókè, kó tó máa lọ. Ó ní ọwọ́ òun ló ṣe é. Ó mú ìwé mìíràn, bákan náà. Ó mú èyí tí ẹlòmíràn kó jọ, bákan náà. Ó wo ogún, ogún náà kán níbì kan náà.

Ẹ̀rù wá bà á. Bó bá ṣe ìwé kan ló kán, àṣìṣe ni. Gbogbo ìwé? Ó jẹ́ pé ojú òun ló kán nìyẹn. Ohùn ẹ̀yìn etí náà sì ti dé, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kó dákẹ́, pé ta ni òun tó máa yẹ tábìlì Bàbá wò, pé oṣù mẹ́ta pé lónìí, kó má fi ẹnu ara rẹ̀ lé ara rẹ̀. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó rí i. Bó bá sọ̀rọ̀ tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ilé ló ń lọ yẹn.

Ó wo ẹni tó sún mọ́ ọn jù. Ta ni ẹ rò pé ó jẹ́? Ẹnu-bí-Abẹ ni. Ó ti to ogójì ìwé tí wọ́n ti rán síwájú, ó ti ri búrọ́ọ̀ṣì bọ gọ́ọ̀mù, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè. Gọ́ọ̀mù yẹn, bó bá ti gbẹ, kò ṣeé tú mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má tíì fi kàn án,” ni Àbíkẹ́yìn wí. “Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé yìí. N ò ní sọ ohun tí mo rí. Kí lẹ̀yin rí?”

Ẹnu-bí-Abẹ ti ya ẹnu láti ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo ìwé kan. Ó wo èkejì. Ó pa ẹnu náà dé, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí nílé iṣẹ́ yẹn. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì padà sínú agolo rẹ̀.

“Olóòlà,” ó ní, “bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn yìí, mo ti ń ṣa eyín mi nílẹ̀.”

Ojú méjì ló rí i báyìí, ti ẹni tó ń fi í ṣẹ̀sín sì ni èkejì. Ohùn ẹ̀yìn etí kò rí nǹkan sọ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà lọ bá Bàbá Adìwé, ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé.

Bàbá gbé ìwé sún mọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ka ibi tó kán sí òun létí. Orin kan bẹ̀rẹ̀ lórí òjò, nígbà tí wọ́n ṣí ewé kejì, ó ti di orin àwọn tó ń kórè àgbàdo. Ìṣẹ́po kejìlá ló jókòó sípò ìkọkànlá, ìkọkànlá sì jókòó sípò rẹ̀. Tábìlì Bàbá nìyí.

“Èmi ni mo tò ó,” ni Bàbá wí. “Awò ojú mi ti fọ́ láti ọjọ́ Ajé. N ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mi ò ríran láìsí i, mo ní ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n.” Ó yíjú sí Àbíkẹ́yìn. “Ọmọ mi, lọ tún tábìlì mi tò.”

Ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ẹ̀ rí. Àbíkẹ́yìn pààrọ̀ òkìtì méjèèjì, ó yí tábìlì po, ó fi ojú gun àtẹ̀gùn rẹ̀, ó ní ó ti pé. Àwọn aránwèé tú òwú ogójì tí wọ́n ti rán. Àwọn yòókù ń yí ìkọkànlá àti ìkejìlá ìwé tó wà nílẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó lọ jẹun. Wọ́n kọrin, Àbíkẹ́yìn ló ń lé e, àwọn yòókù ń gbè é, Ẹnu-bí-Abẹ ń fi irin rẹ̀ gbá ìlù. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà, ìwé tó kẹ́yìn ló ń bọ́ kúrò lábẹ́ irin. Ẹgbẹ̀ta. Kò dín ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni Ẹnu-bí-Abẹ ti nu ọwọ́ rẹ̀, tó ní: “Bàbá, oṣù mẹ́ta yẹn mà pé lónìí. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta la máa lé?”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, wọ́n ní láti bu omi fún un.

Àbíkẹ́yìn padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó rántí ọ̀rọ̀ méje. Nígbà tó yá, ó di mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà àpèpadà láti ẹ̀yìn, títí di òní, kò wọ̀ ọ́ lórí, ó sì ti fi sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í pé èèyàn mélòó ló bá jẹun lọ́sẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka, ìka tán, ó ní bóyá kí òun bọ́ bàtà. Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Ọdún méjìlá rèé. Ohun tó dúró sẹ́nu-ọ̀nà kò wọlé. Ó máa ń kanlẹ̀kùn nígbà mìíràn, bí òjò tó ń pa òrùlé ilé kejì. Bó bá ti gbọ́ ọ, á bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n pe òun. Bí wọ́n bá ní rárá, á ní ó dáa, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun ló ń to tábìlì báyìí. Bàbá Adìwé jókòó sórí àga nídìí fèrèsé pẹ̀lú awò ojú tuntun, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ọmọ òun nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́, ìlà ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọ. Ẹnì kejì ló sì gbọdọ̀ yẹ tábìlì tí ẹni kìíní bá tò wò, tábìlì Àbíkẹ́yìn pẹ̀lú. Òun ló fi òfin yẹn lélẹ̀.

Bí irọ́ bá wà nínú ààlọ́ yìí, kí àtẹ̀gùn tèmi náà kán ní ìkọkànlá. Ó tó. Ìwọ tó ń ṣe bí ẹni tó ti sùn, mo rí ìka ẹsẹ̀ rẹ tó ń mì. Ẹ dìde, kí ẹ̀gbọ́n di àbúrò lọ́wọ́ mú, ẹ lọ tẹ́ ẹní. Ẹni tó bá sì gbọ́ nǹkan tí kò dá a lójú, kó má dá bẹ̀rù. Kó jí ẹnì kejì rẹ̀, kó bi í pé kí ló gbọ́. Bó bá jẹ́ èmi lẹ gbọ́, mò ń hanrun ni.